Áńpù Hẹ́dífóònù Tẹ́ ẹ Lè Fọwọ́ Ara Yín Jó Nílé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó máa ń wọlé jù nìyí nígbàkigbà tọ́rọ̀ bá ti kan áńpílífáyà kékeré fún hẹ́dífóònù, mo kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan kó má di pé à ń tún nǹkan kan náà sọ lójoojúmọ́. CMoy ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí nínú gbogbo èyí tó ṣeé gbọ́ sétí, mi ò tíì rí èyí tó rọrùn tó o. Ẹ ò ní láti kà á látòkèdélẹ̀, ẹ lọ síbi tó kàn yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa fo nǹkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ gíráùn àti ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ mítà (ìyẹn èyí tó ń wọn fọ́ltéèjì), ibẹ̀ ni wàhálà wà. Orúkọ áísì (ẹ̀yà dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń gbé ohùn sókè) táwọn èèyàn máa ń torí ẹ̀ jà, ìyẹn kéré síbẹ̀.

Kí lẹ̀ ń pè ní CMoy gan-an?

Áńpù kékeré kan ni tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Chu Moy yà sórí ìkànnì HeadWize ní ìparí àwọn ọdún 1990, tó sì gbé e sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ́ni tó bá wù lè jó o, ìyẹn ni pé kó fi lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tó ń yọ́, lẹ àwọn ẹ̀yà ẹ̀ pọ̀. Orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n gé kúrú tó di CMoy. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju áísì kan, bátìrì 9V kan, rẹ̀sísítọ̀ bíi mélòó kan àti kàpásítọ̀ díẹ̀, gbogbo ẹ̀ á sì wọ àpò ṣòkòtò. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn kí wọ́n máa kó o sínú agolo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta suwíìtì Altoids, ìyẹn ló jẹ́ káwọn kan rò pé dandan ni agolo yẹn. Kì í ṣe dandan o, a máa sọ̀rọ̀ agolo tó bá yá.

Fóònù mi ń kọrin dáadáa sínú íapíìsì, kí ni mo tún fẹ́ fi áńpù ṣe?

Bóyá ẹ ò tiẹ̀ nílò ẹ̀ rárá. Íapíìsì kékeré tó jẹ́ 16 ohm tàbí 32 ohm (ohm ni ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná tó), fóònù ni wọ́n dìídì ṣe é fún, tó bá sì ti ń dún sókè tó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ẹ tọ́jú owó yín. Àwọn tó nílò áńpù làwọn tó ní hẹ́dífóònù ńlá tí wọ́n ń lò ní sítúdíò, bíi Sennheiser HD 600 tàbí HD 650 tó jẹ́ 300 ohm, tàbí Beyerdynamic DT 770 Pro oní 250 ohm. Irú àwọn yẹn máa ń béèrè fọ́ltéèjì tó pọ̀, fóònù ò sì ní in láti fún wọn, ẹ máa gbé fọ́líùmù dé òkè pátápátá síbẹ̀ orin á máa dún bíi pé yàrá kejì ni wọ́n ti ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ áńpù ni kó gbé fọ́ltéèjì yẹn sókè, kó sì rí kọ́ráǹtì fún hẹ́dífóònù. Kì í tún orin ṣe. Tó bá jẹ́ MP3 tó ti bàjẹ́ látilẹ̀ lẹ fi sí i, MP3 tó bàjẹ́ náà lẹ máa gbọ́, á kàn wá pariwo sí i ni.

Kí ni kí n rà, ibo ni mo sì ti lè rí i?

Fún áńpù kan tó ní apá òsì àti ọ̀tún: op-amp oníméjì kan (áísì tó ní áńpù méjì nínú) tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, OPA2134 ni mo fẹ́ràn, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Rẹ̀sísítọ̀ 4.7k (k ni ẹgbẹ̀rún ohm) méjì, 100k méjì, 10k mẹ́ta (méjì fún áísì, ọ̀kan fún iná LED), àti 3.3k méjì. Kàpásítọ̀ 220µF méjì tó jẹ́ 16V tàbí 25V, 0.1µF onífíìmù méjì, 0.1µF sẹ̀rámíìkì ẹyọ kan. Kọ́ńtróòlù fọ́líùmù oníméjì 10k, jáàkì 3.5mm sítẹ́ríò méjì, súìṣì, LED, orí bátìrì 9V, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti fẹ́róbọ́ọ̀dù kékeré (bọ́ọ̀dù oníhò tó ní ìlà bàbà lẹ́yìn).

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára fọ́líùmù yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. A10K lẹ fẹ́. Tó bá jẹ́ B10K, á ṣiṣẹ́ o, àmọ́ gbogbo ariwo á ti parí síbi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ yí i díẹ̀, ibi tó kù ò ní ṣe nǹkan gidi kan, torí bí etí wa ṣe ń gbọ́ ohùn kọ́ ni B ṣe ń pín in.

Tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ làwọn tó ń ta ẹ̀yà wà. Àwọn ará wa tó wà ní London lè rà á lọ́wọ́ Farnell, àwọn ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ Mouser tàbí Digi-Key. Rẹ̀sísítọ̀ tẹ́ ẹ bá tú lára rédíò tó ti kú dáa, ẹ kàn fi mítà wọ̀n ọ́n. Kàpásítọ̀ electrolytic (irú 220µF òkè yẹn) inú rédíò àtijọ́ ni kẹ́ ẹ gbàgbé, omi inú wọn ti gbẹ.

Ọ̀rọ̀ áísì ayédèrú náà ò kéré. Tí wọ́n bá ń ta OPA2134 ní iye tí wọ́n ń ta áísì rédíò lásán, ẹ fura, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n ti ha orúkọ àtijọ́ kúrò lára nǹkan míì kí wọ́n tó tẹ tuntun lé e.

Ẹ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi, mi ò ka físíìsì o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi bátìrì. Orin tó ń bọ̀ látinú fóònù, fọ́ltéèjì ẹ̀ máa ń gòkè di pọ́sítífù ó sì tún máa ń sọ̀ kalẹ̀ di nẹ́gétífù, àmọ́ bátìrì 9V kan ṣoṣo ò ní nǹkan kan tó kéré ju òdo lọ, kí la fẹ́ ṣe? A máa pín in sí méjì ni. Rẹ̀sísítọ̀ 4.7k méjì la máa tò tẹ̀léra láti pọ́sítífù bátìrì dé nẹ́gétífù ẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé láàárín, ìdajì bátìrì ló máa wà níbẹ̀, ìyẹn 4.5V. Àárín yẹn la máa sọ di gíráùn. Téèyàn bá fi mítà dúró síbẹ̀, á rí +4.5V lápá òkè, á rí −4.5V nísàlẹ̀, orin á sì ráyè gòkè kó ráyè sọ̀. Kàpásítọ̀ 220µF méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gun ẹ̀yìn rẹ̀sísítọ̀ 4.7k kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ wọn ni láti di àárín yẹn mú kó má mì tí báàsì bá wọlé, torí gbogbo kọ́ráǹtì tó bá lọ sínú hẹ́dífóònù, àárín yẹn ló ń gbà padà.

Ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣi í mú wá nìyí o: gíráùn àárín yìí kọ́ ni nẹ́gétífù bátìrì. Jáàkì tí orin ń gbà wọlé àti jáàkì hẹ́dífóònù, àárín ni gíráùn àwọn méjèèjì ń lọ, 100k ń lọ síbẹ̀, 3.3k ń lọ síbẹ̀. Wáyà dúdú bátìrì ẹsẹ̀ 4 áísì nìkan, ìdí rẹ̀sísítọ̀ àti kàpásítọ̀ ìsàlẹ̀, àti LED ló ń lọ bá. Ẹni tó ti mọ́ lára látọjọ́ tó ti ń tún rédíò ṣe pé kó máa kó gbogbo gíráùn lọ sórí dúdú, kó rọra o, torí tẹ́ ẹ bá so gíráùn hẹ́dífóònù mọ́ dúdú bátìrì, 4.5V tààrà ló fẹ́ máa wọnú hẹ́dífóònù yẹn láìdáwọ́ dúró, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀ sì lè jó.

Orin fúnra ẹ̀, látinú jáàkì ó máa lọ bá fọ́líùmù, láti ẹsẹ̀ àárín fọ́líùmù ó gba inú 0.1µF kọjá, ìyẹn tó ń dá fọ́ltéèjì tààrà (DC, irú ti bátìrì) dúró tó ń jẹ́ kí orin nìkan kọjá, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ẹsẹ̀ 3 áísì fún apá òsì tàbí ẹsẹ̀ 5 fún apá ọ̀tún. 100k máa ti ẹsẹ̀ yẹn lọ sí gíráùn. 0.1µF àti 100k yẹn jọ ń ṣiṣẹ́ ni, nǹkan bíi 16 Hz ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé báàsì, ìyẹn sì ti wà nísàlẹ̀ 20 Hz tí wọ́n ní etí èèyàn ń gbọ́. Ohùn tó ti lágbára á gba ẹsẹ̀ 1 jáde fún òsì, ẹsẹ̀ 7 fún ọ̀tún. 10k máa ti ẹsẹ̀ 1 padà sí ẹsẹ̀ 2, 3.3k á ti ẹsẹ̀ 2 lọ sí gíráùn. Lápá kejì, ẹsẹ̀ 7 àti 6 ló máa ṣe bákan náà. Ẹsẹ̀ 8 ni pọ́sítífù. Ó tán.

Gain ńkọ́? Mélòó ni kí n fi sí i?

Gain ni iye ìgbà tí áńpù fi ń sọ fọ́ltéèjì orin di púpọ̀. Ẹ pín 10k fún rẹ̀sísítọ̀ tó ń lọ sí gíráùn, kẹ́ ẹ wá fi 1 kún un. Ti CMoy àkọ́kọ́, 1k ló lò níbẹ̀, 10 sí 1 jẹ́ 10, ẹ fi 1 kún un, ó di 11. Lójú tèmi 11 ti pọ̀ jù lóde òní. Àwọn dọ́ńgù USB-C (wáyà kékeré tó ń sọ ihò USB-C fóònù di ihò jáàkì) kan ti ń gbé nǹkan bíi 1V jáde fúnra wọn, ẹ bá fi 11 lù ú, 11V lẹ fẹ́ máa wá látinú bátìrì 9V, ibo ló ti fẹ́ rí i? Á kàn máa gé orí orin ni, á máa ha. Ìṣòro kejì ni pé ẹ ò ní lè yí fọ́líùmù kọjá ibi kékeré tó wà níbẹ̀rẹ̀ kó tó dún jù, ibi kékeré yẹn gan-an sì ni apá òsì àti ọ̀tún fọ́líùmù olówó pọ́ọ́kú kì í ti í dọ́gba, ẹ máa gbọ́ etí kan ju ìkejì lọ.

3.3k máa fún yín ní 4, ó dáa fún hẹ́dífóònù 250 sí 300 ohm. 4.7k á fún yín ní bíi 3, 10k á fún yín ní 2, ìyẹn ti tó fún 32 ohm. Kò sí ohun tó ní kẹ́ ẹ má pààrọ̀ ẹ̀ tó bá yá, rẹ̀sísítọ̀ méjì péré ni.

Mo ti ní LM386 nílé, ṣé mi ò lè fìyẹn ṣe é?

Ẹ lè fi ṣe é, ẹ kàn máa gbọ́ ṣììììì lẹ́yìn orin ni. Spíkà kékeré ni wọ́n ṣe LM386 fún, gain tó kéré jù nínú ẹ̀ jẹ́ 20, ẹ ò sì lè rọrùn mú un kéré sí i. Spíkà wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ò ní gbọ́ ariwo yẹn, àmọ́ hẹ́dífóònù lẹ̀ mọ́ etí. TDA2822 náà rí bẹ́ẹ̀, gain tiẹ̀ tún pọ̀ jùyẹn lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì, ó dáa, ẹ lò ó.

NE5532 nìkan ni wọ́n ní lọ́jà, ṣé mo lè fi rọ́pò OPA2134 bẹ́ẹ̀ náà?

Ẹsẹ̀ wọn bára mu, á wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ má kàn fi sí i kẹ́ ẹ máa lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé NE5532 máa ń fa kọ́ráǹtì díẹ̀ gba ẹsẹ̀ tí orin ń gbà wọlé, nǹkan bíi 200 nA, OPA2134 ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fa nǹkan kan. 200 nA kéré lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀sísítọ̀ 100k ló ń gbà kọjá, 20 mV nìyẹn, áísì á wá fi gain lù ú: tó bá jẹ́ 4, 80 mV tààrà ti ń jókòó sínú hẹ́dífóònù yín, tó bá jẹ́ 11, ó ti lé ní 200 mV. Nítorí náà tó bá jẹ́ NE5532 lẹ fẹ́ lò, ẹ yọ 100k, ẹ fi 10k síbẹ̀, ẹ sì sọ 0.1µF di 1µF kí báàsì má bàa lọ. Yóò padà sí bíi 8 mV tí gain bá jẹ́ 4, kò sí wàhálà.

Ìkejì, Texas Instruments kọ ọ́ sínú datasheet (ìwé àlàyé) NE5532 tiwọn pé ±5V ló kéré jù tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ fún un, bátìrì 9V sì ń fún yín ní ±4.5V nígbà tó ṣì tuntun. Ọ̀pọ̀ ń lò ó bẹ́ẹ̀, ó sì ń dún, àmọ́ bátìrì méjì bá a mu jù. OPA2134 ní tiẹ̀ lè sọ̀ dé ±2.5V. TL072 ni kẹ́ ẹ gbàgbé tí hẹ́dífóònù bá jẹ́ 32 ohm, kò ní agbára kọ́ráǹtì.

Kí ló dé tí hẹ́dífóònù 32 ohm mi ń ha nígbà tí 300 ohm ọ̀rẹ́ mi ń dún geere lórí áńpù kan náà?

Ìbéèrè tó dáa nìyí, èmi gan-an fẹ́ràn ẹ̀. Hẹ́dífóònù 300 ohm fọ́ltéèjì ló ń wá, 32 ohm kọ́ráǹtì ló ń wá. Látinú 9V, ẹ lè rí nǹkan bíi 3V lókè àti 3V nísàlẹ̀ kí áísì tó kọlu òrùlé. 3V lórí 300 ohm, 10 mA péré nìyẹn, áísì ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé 3V kan náà sórí 32 ohm, ó ti ń béèrè lé ní 90 mA, bẹ́ẹ̀ OPA2134 ò ní ju bíi 40 mA lọ tẹ́ ẹ bá fún un lọ́rùn pa. Kó tó dé 1.3V ló ti máa dákú. Kẹ́ ẹ rẹ fọ́líùmù sílẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, tàbí kẹ́ ẹ lo áísì tó lágbára kọ́ráǹtì bíi NJM4556A tó ń gbé 70 mA.

Báwo ni mo ṣe máa tò ó sórí fẹ́róbọ́ọ̀dù?

Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sáàárín, kí àwọn ẹ̀yà yòókù má jìnnà sí i. Ẹ rántí pé ìlà bàbà tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù ń lọ látòpin dópin, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá kàn ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ 1 ti so mọ́ ẹsẹ̀ 8 nìyẹn, 2 mọ́ 7, 3 mọ́ 6, 4 mọ́ 5. Ẹ gbọ́dọ̀ gé ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lábẹ́ áísì. Irin dírílì 4mm tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yí lórí ihò kan láàárín ìlà á ha bàbà yẹn kúrò, kẹ́ ẹ yí i títí ẹ ò fi ní rí okùn bàbà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kankan létí ihò mọ́, torí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn máa ń kù síbẹ̀, ojú lásán ò sì ní rí i. Ẹ gbé mítà sí èyí tó ń dún píììì, ẹ fi kàn án lọ́tùn-ún lósì, tó bá dún, kò tíì gé.

Tẹ́ ẹ bá ń jó lẹ́ẹ̀dì, ẹ jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù (irin gbígbóná tá a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì) kan bàbà àti ẹsẹ̀ ẹ̀yà lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì, kẹ́ ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì kan bàbà, kó jẹ́ bàbà ló yọ́ ọ. Ẹni tó bá ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sórí áyọ́ọ̀nù kó tó lọ lẹ̀ ẹ́, ó máa rí kóro roboto tó jókòó sórí bọ́ọ̀dù láìdi nǹkan kan mú. Èyí tó mú dáadáa máa ń sọ̀ wọ́lẹ̀ lára ẹsẹ̀ ẹ̀yà, etí ẹ̀ á sì fẹjú mọ́ bàbà.

0.1µF sẹ̀rámíìkì yẹn, àárín ẹsẹ̀ 4 àti ẹsẹ̀ 8 ló ń lọ, kó sún mọ́ áísì bó bá ṣe lè sún mọ́ ọn tó. Láìsí i, áísì lè máa kọ orin tiẹ̀ lábẹ́lẹ̀, orin tétí ò lè gbọ́, ẹ kàn máa rí i pé ó ń gbóná, bátìrì ń tètè kú, ẹ ò sì ní mohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Mo ti jó o tán, ṣé kí n ki hẹ́dífóònù bọ̀ ọ́?

Rárá o! Ẹ mú mítà. Tẹ́ ò bá ní mítà ẹ lọ rà, èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ má tíì fi áísì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ so bátìrì, ẹ tan súìṣì, ẹ gbé mítà sí DC 20V. Ẹ fi dúdú mítà sí àárín tá a sọ di gíráùn, ẹ fi pupa kan ihò ẹsẹ̀ 8, ẹ wò ó, ẹ tún fi kan ihò ẹsẹ̀ 4. Tó bá ka 4.62 níbí tó ka −4.58 lọ́hùn-ún, ẹ máa báṣẹ́ lọ, wọn ò ní láti dọ́gba gẹ́lẹ́. Àmọ́ tó bá ka 8.2 lókè àti 0.8 nísàlẹ̀, tàbí òdìkejì ẹ̀, ẹ ti fi 47k sí ibì kan tó yẹ kó jẹ́ 4.7k. Àwọ̀ wọn jọra gan-an: yẹ́lò, pọ́pù, pupa ni 4.7k, yẹ́lò, pọ́pù, ọ́ráǹjì ni 47k, tó bá sì jẹ́ alẹ́ lẹ jó o lábẹ́ iná gílóòbù, pupa àti ọ́ráǹjì ò yàtọ̀.

Ẹ yọ bátìrì. Ẹ fi áísì sí i, ihò kékeré tàbí ibi tó gé létí ẹ̀ ló ń fi apá ibi tí ẹsẹ̀ 1 wà hàn. Ẹ so bátìrì padà, ẹ fìka kan áísì: tó bá gbóná lójú ẹsẹ̀, ẹ fa bátìrì yọ kíákíá, ẹ ti fi í sódì. Tó bá tutù, ẹ gbé mítà wá sí mV, ẹ wọn jáàkì hẹ́dífóònù, apá òsì sí gíráùn, apá ọ̀tún sí gíráùn, láìtíì so fóònù mọ́ ọn. Tí ò bá tó 20 mV, ó ti dáa. Tó bá ti lé ní 50, ẹ wádìí ẹ̀. Tó bá jẹ́ odindi 1V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ rí, ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ 2, 3, 5, tàbí 6 ò mú dáadáa, tàbí lẹ́ẹ̀dì ti ṣàn kan ìlà kejì. Íapíìsì tó pọ́ọ́kú jù nílé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ó ń pariwo hùùùù, tàbí tìtìtì tìtìtì.

Hùùùù tó ń yí padà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan igi fọ́líùmù: ara irin fọ́líùmù ò ní gíráùn. Ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀, ẹ jó wáyà kan láti ibẹ̀ lọ sí gíráùn àárín. Hùùùù tí ò yí padà, tó sì kúrò tẹ́ ẹ bá fa láptọ́ọ̀pù kúrò lára ṣájà: ṣájà yẹn ló jẹ̀bi, áńpù yín ò ṣe nǹkan kan. Tìtìtì: fóònù ló ń bá máàsìtì sọ̀rọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí áńpù.

Kéèsì ọṣẹ tàbí agolo?

Kéèsì ọṣẹ onírọ́bà dáa, ó rọrùn láti lu, kò sì lè fa ṣọ́ọ̀tì. Agolo irin máa ń dí tìtìtì yẹn lọ́wọ́, ìyẹn ni èrè ẹ̀. Àmọ́ jáàkì onírin, tẹ́ ẹ bá dè é mọ́ agolo, gíráùn àárín ti wọ ara agolo nìyẹn, kí ìdí bọ́ọ̀dù, ara bátìrì tàbí wáyà èyíkéyìí má ṣe tún kàn án. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ bọ́ọ̀dù.

Bátìrì ń gbówó lórí, ṣé mi ò lè lo páwà-báǹkì tàbí ṣájà?

Páwà-báǹkì 5V ni, tẹ́ ẹ bá pín in sí méjì ó di ±2.5V, ibi tí OPA2134 fẹ́ kú sí gan-an nìyẹn, kò ní sí àyè fún orin. Tẹ́ ẹ bá fi módù kékeré tó ń gbé e sókè di 12V sí i, á lágbára, ṣùgbọ́n módù yẹn fúnra ẹ̀ máa ń pariwo, ẹ ní láti fi kàpásítọ̀ kún un.

Ewu tó wà níbẹ̀ kọjá ariwo. Ẹ ṣebí pé láptọ́ọ̀pù kan náà lẹ ti fa iná USB, tí orin náà sì ń ti jáàkì láptọ́ọ̀pù bọ̀. Gíráùn USB ni nẹ́gétífù áńpù, gíráùn orin ni àárín áńpù, inú láptọ́ọ̀pù sì ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Ẹ ti so àárín mọ́ nẹ́gétífù láìmọ̀, ìdajì iná ti di ṣọ́ọ̀tì. Iná gbọ́dọ̀ ti ibòmíì wá, tí ò bá orísun orin tan rárá. Ìdí nìyẹn tí bátìrì fi rọrùn jù.

Bátìrì kan máa lò tó wákàtí mélòó?

Áísì ń jẹ bíi 8 mA, rẹ̀sísítọ̀ àárín ń jẹ bíi 1 mA, LED ò tó ìyẹn. Bátìrì alkaline á lò bíi wákàtí 30 sí 50, ó kù sọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé fọ́líùmù sókè tó. Ẹ ka ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á o, èyí tí wọ́n kọ heavy duty sí kì í ṣe alkaline, kò sì ní pẹ́ kú. Nínú àwọn tó ṣeé ṣájì, àwọn kan tí wọ́n kọ 9V sí, 7.2V ló wà nínú wọn lóòótọ́, àwọn míì 8.4V, ẹ wá 8.4V.

Ṣé bátìrì méjì dáa ju ọ̀kan lọ?

Ó dáa jù ú lọ gan-an. Ẹ tò wọ́n tẹ̀léra, ibi tí wọ́n ti so pọ̀ láàárín ló máa di gíráùn, gíráùn gidi tí kì í mì, rẹ̀sísítọ̀ 4.7k méjèèjì kò wúlò mọ́. Ẹ kàn ní láti lo súìṣì tó ń gé bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa pààrọ̀ wọn pọ̀, torí tí ọ̀kan bá kú tí ìkejì ṣì wà láyé, fọ́ltéèjì tààrà máa wọ inú hẹ́dífóònù. O2, áńpù tí ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní NwAvGuy gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2011, bátìrì méjì ló ń lò, ó sì ní apá kan tó ń pa gbogbo ẹ̀ tí bátìrì bá ti ń rẹlẹ̀. NJM4556A wà nínú ẹ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá ti jó CMoy tẹ́ ẹ sì fẹ́ nǹkan tó lágbára jù bẹ́ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Ṣé kò lè ba etí mi jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́ o. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, ní ariwo 85 dB kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́, tó bá sì ti fi 3 dB lé sí i, ẹ dín wákàtí yẹn sí ìdajì: 88 dB wákàtí mẹ́rin, 91 dB méjì. Áńpù yìí lè kọjá ìyẹn wẹ́rẹ́ lórí íapíìsì. Ẹ yí fọ́líùmù délẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan súìṣì, kẹ́ ẹ sì ti tàn án kẹ́ ẹ tó wọ hẹ́dífóònù, torí áísì máa ń dún gbọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó bá ń jí.

Mo lè lò ó pẹ̀lú Bluetooth?

Hẹ́dífóònù Bluetooth ti ní áńpù nínú ara ẹ̀, kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ ki èyí bọ̀. Tó bá jẹ́ fóònù yín ni ò ní ihò jáàkì, ẹ ra dọ́ńgù USB-C, ẹ fi wáyà 3.5mm tó ní orí méjì so ó mọ́ áńpù, ẹ gbé fọ́líùmù fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ dókè, kẹ́ ẹ máa fi ti áńpù ṣe ìyókù.